Ọjọ́ Tí Mo Pín Ìbejì Mi Níyà

Bí ẹ bá ti rí ọmọ eku tí wọ́n hú jáde lábẹ́ ebè rí, tí ara rẹ̀ pupa, tí kò ní irun, tí ojú rẹ̀ ṣì dì, ẹ ti rí Táíwò mi lọ́jọ́ tí mo bí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọ ẹni kì í burú lójú ẹni. Ó burú. Mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kejìlá ọdún 1957 ni, ọyẹ́ ti ń wọ Agége. Oyún mi kò ju oṣù méje àti ọjọ́ díẹ̀ lọ nígbà tí omi dà lára mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo rán dé ìdajì ni mo fi nu ẹsẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ọ̀dọ̀ Sístà Rachael ní òdìkejì ojú irin. Sístà ló ni ilé ìgbẹ̀bí oníyàrá mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ìjọba fún ọdún mọ́kànlá kí ó tó dá dúró, kò sì sí aboyún láti Agége dé Onígbòǹgbò tí kò mọ ohùn rẹ̀, nítorí ohùn náà kì í rọra bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde. Kẹ́hìndé tẹ̀lé e lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Sístà gbé wọn sórí òṣùwọ̀n: Kẹ́hìndé wọ̀n pọ́ùn mẹ́rin àti díẹ̀, Táíwò kò tó mẹ́ta. Mo ní kí ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Kò tó mẹ́ta náà ni.

Sístà kò ní ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ gbóná. Àpótí ló ní, àpótí pákó tí wọ́n fi kó ọṣẹ wá láti òkè òkun. Ó tẹ́ òwú sínú rẹ̀, ó fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná mẹ́rin, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó sì gbé Táíwò sáàárín wọn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Sístà, ṣùgbọ́n kì í fi àdúrà rọ́pò omi gbígbóná. Méjèèjì ló ń lò. Wákàtí méjì-méjì la ń pààrọ̀ omi inú ìgò. Wákàtí méjì-méjì náà ni mò ń fún ọmú mi sínú ife, tí Sístà ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú kán an sí Táíwò lẹ́nu. Ẹ̀kán mẹ́wàá. Ká dúró. Ká wò ó bóyá ó ń mí. Ká tó tún kán òmíràn. Nígbà mìíràn á gbàgbé láti mí. Sístà á fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, á gbọ̀n, á sì rántí. Ẹ má bi mí bí èèyàn ṣe ń gbàgbé èémí. Mo jókòó ti àpótí yẹn títí ọrùn mi fi gan, mò ń wo àyà kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kó lọ sókè, kó wá sílẹ̀.

Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ mu ọyàn ní ọjọ́ kẹta bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Síkírù ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, níbi tí ìjọba ti ń gé igbó lulẹ̀ láti kọ́ ilé-iṣẹ́ sí. Abọ́ tánganran ni wọ́n ń ṣe níbi tirẹ̀, ìdí iná ni wọ́n sì fi í sí. Bí ó bá ti ṣíwọ́, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè bí wọ́n ṣe wà, á sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Kò wọlé. Ọkùnrin tó ń ti abọ́ sínú iná láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ń bẹ̀rù àpótí ọṣẹ. N kò bá a jà, nítorí mo mọ ìdí rẹ̀. Ìbejì ni òun náà.

Nígbà tí òun àti Táíwò tirẹ̀, tó ń jẹ́ Shuaib, wà ní ọmọ oṣù mẹ́rin, igbóná mú Síkírù. Àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n gbé Shuaib tí ara rẹ̀ dá lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí igbóná má baà ràn án. Ní ọjọ́ kẹfà ni ìròyìn dé. Shuaib tí kò ṣàìsàn ti kú. Síkírù tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọn ó sin ín sí, òun ló dìde tó mu ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n pín ìbejì níyà, ó sàn kí ẹ ní kó lọ tún Shuaib sin.

Ìyá Ìjẹ̀bú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ dúró ju ti ìjọba lọ: ohun tí a bá ṣe fún Táíwò la ó ṣe fún Kẹ́hìndé. Ọjọ́ kan náà la ó sọ wọ́n lórúkọ, omi kan náà la ó fi wẹ̀ wọ́n, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọn ó sùn. Èyí tí a bá yọ sílẹ̀ á bínú, á sì lọ. Èmi náà gbà á gbọ́. Kò ní dára kí n di ẹ̀bi ru arúgbó kí n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni mímọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Táíwò kọjá pọ́ùn mẹ́ta. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kọjá. Sístà rẹ́rìn-ín, èyí tí n kò rí i kó ṣe rí. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ìgbẹ́ gbuuru mú un, ó gbá gbogbo ohun tó jèrè lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó tún ti padà sórí pọ́ùn mẹ́ta, Kẹ́hìndé sì ti di pọ́ùn márùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń yọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Sístà pè mí.

Kí n tó sọ ohun tó sọ fún mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Lọ́lá. Lọ́lá ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, irun ló ń dì. Ó wá kí mi ní ọjọ́ keje. Sístà kì í jẹ́ kí àlejò dé ìdí àpótí, Kẹ́hìndé nìkan ni ó rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo orí tí Lọ́lá dì ló ti gbọ́ pé ọ̀kan ti kú nínú ìbejì Fàúsát, pé ń ṣe ni mo ń fi í pa mọ́ kí n lè máa gba ẹ̀bùn méjì. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìbejì Kan. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí mi lórí ibùsùn tí mo ti ń fún ọmú bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn.

Sístà wá ní, “Ìyá ìbejì, Kẹ́hìndé lè máa lọ sílé. Ẹ fi Táíwò sílẹ̀ fún mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, bóyá mẹ́rìnlá. Ẹ ó máa wá fún ọmú.”

“Méjì ni mo gbé wá, Sístà. Méjì ni màá gbé lọ.”

“Nínú ọyẹ́ yìí?”

Mo ní yàrá mi ní ilẹ̀kùn. Mo ní mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ìgò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kán ọmú, èèyàn kì í lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún nídìí àpótí kó má mọ nǹkan kan. Mo ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti kọjá ọjọ́ mẹ́jọ tipẹ́, wọn kì í sì í sọ ọ̀kan lórúkọ kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí, nítorí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi. Sístà jẹ́ kí n tán. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, “ẹ” ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọmọ. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi orúkọ pè mí.

“Fàúsát, bí o bá gbé ọmọ yìí kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, n kò ní fún ẹlòmíràn ní àpótí rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o tètè rántí ọ̀nà.”

Mo gbé wọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni a sọ wọ́n lórúkọ, Síkírù kò sì lọ síbi iṣẹ́. Ààfáà Kàsúmù wá, àwọn èèyàn Ìjẹ̀bú wa wá, àwọn ará ilé wá. Ìgbà tí Lọ́lá yọjú, mo gbé Táíwò fún un níwájú gbogbo wọn.

“Ẹ kà wọ́n, Ìyá Onídìrí,” mo ní. “Ẹ kà wọ́n dáadáa. Ṣé méjì ni, àbí mo lọ yá ọ̀kan?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ojú tì í, ó tẹjú mọ́ ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fọ́. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn ju bó ṣe dùn nígbà tí Táíwò kọjá pọ́ùn mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí wọ́n ń kọrin ìbejì fún wọn. Ẹni tó bá gbé Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ gbé Táíwò, kí ọ̀kan má baà ro pé wọn ò fẹ́ràn òun. Ìyá Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìnkùlé gbé Kẹ́hìndé, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wúkọ́ sí ìborùn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ fún Táíwò, Ìyá Ìjẹ̀bú sì gbé e fún un. Gbogbo ọwọ́ tó kan ọmọ tó lágbára kan ọmọ tí Sístà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ìyá Ìjẹ̀bú wẹ Kẹ́hìndé. Ó wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, ó nà án lọ́wọ́ nà án lẹ́sẹ̀, ó jù ú sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó bù ú lómi sí ìdí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé Táíwò wá.

Sístà kì í wẹ Táíwò. Òróró ló fi ń pa á lára lábẹ́ aṣọ, ní ìka kan, ní kíá. Mo mọ èyí. Mo ti rí i fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n a ti wẹ Kẹ́hìndé. Mo gbé e wá. Èmi ni mo sì ń bu omi.

Láàárọ̀ Ajé, Táíwò kò gbé ọmú mì. Mo kán an sí i lẹ́nu, ó ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bí òkúta odò. Mo ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀kan. Mo tún ta á. Ètè rẹ̀ ti ń ṣe bí aró.

Síkírù ti lọ síbi iṣẹ́. Mo já bọ́tìnì bùbá mi, mo fi ọmọ náà sí àyà mi lásán, mo wé ìborùn lé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ìyá Ìjẹ̀bú gbé Kẹ́hìndé pọ̀n, ó tẹ̀lé mi. N kò ní kó wá. Kò sì bi mí. A dé ojú irin, ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù sì dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, kò sì lópin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọkùnrin tó ń fi àsíá darí ọkọ̀ dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó ní ọkọ̀ náà lè gbéra nígbàkígbà, pé obìnrin kan ti ibẹ̀ ku ẹsẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá.

“Ọmọ mi ò ní ìgbàkígbà,” mo sọ fún un. “Bí ó bá fẹ́ gbéra, kó gbéra.”

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Irin ń kùn lórí mi. Òórùn epo gbà mí nímú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́, mo fi àyà gbé ọmọ kúrò nílẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó ń mí, n kò lè wò ó. Nígbà tí mo yọ lódìkejì ni mo gbọ́ ẹnì kan tó ń mí gùúgùú lẹ́yìn mi. Ìyá Ìjẹ̀bú ni, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, Kẹ́hìndé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi eékún rá bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Wọn ò ní pín wọn níyà, ojú irin kò tó bẹ́ẹ̀. Gèlè rẹ̀ kọ́ irin, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. A kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi mì, tó sì gbéra.

Sístà kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá tù mí lára. Ó gba ọmọ láyà mi, ó fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹyin iná, ó ta á ní ẹsẹ̀. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé omi. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: inú àpótí náà ṣófo síbẹ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún nǹkan bíi wákàtí kan, bùbá mi là sílẹ̀, orúnkún mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Táíwò mí. Ó dúró. Ó mí. Nígbà tó yá, ó ń mí fúnra rẹ̀, Sístà sì yọ ọwọ́ kúrò nínú àpótí.

Ìgbà náà ni Kẹ́hìndé wúkọ́ lẹ́yìn Ìyá Ìjẹ̀bú.

Ikọ́ kékeré ni. Ó tún wúkọ́. Sístà yí padà wéré.

“Láti ìgbà wo nìyẹn?”

Mo ní àárọ̀ yìí ni, mo rò pé eruku ni. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa láìfi ọ̀rọ̀ dídùn pò ó. Ó ní ikọ́ yìí le, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ní agbára díẹ̀ tó lè fi bá a jà, abẹ́rẹ́ sì wà. Bó bá kan Táíwò, ìjà kankan ò ní sí. Ó ní kí Kẹ́hìndé kúrò nínú ilé náà ní ìsinsìnyí, kó má sì padà wá títí ikọ́ á fi tán. Èmi náà, ọ̀dọ̀ èyí tí mo bá lọ ni mo gbọ́dọ̀ dúró sí. N kò lè máa lọ, kí n máa bọ̀. Aṣọ mi á kó o wá.

Ìyá Ìjẹ̀bú dìde láti orí àga. N kò tíì rí i kó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

“Fàúsát,” ó ní, “mo ti ṣe eléyìí rí. Mo gbé èyí tí ara rẹ̀ dá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo jókòó ti èyí tó ń kú lọ. O mọ bó ṣe parí. Kó dára kó burú, jẹ́ kí wọ́n wà pọ̀.”

Mo wo Sístà. Ó gbójú kúrò. Mo rò ó pé bí mo bá pín wọn tí ọ̀kan kú, gbogbo Agége ni yóò sọ pé wọ́n sọ fún mi. Mo tún rò ó pé àná yìí ni mo gbé ọmọ sínú omi nítorí kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu omi náà.

“Ìyá,” mo ní, “ẹ gbé Kẹ́hìndé lọ sílé.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin. Màá dúró ti eléyìí. Ẹ̀yin ni màá gbé Kẹ́hìndé fún.”

“Bó bá kú lọ́wọ́ mi ńkọ́?”

“Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé Shuaib fún nígbà yẹn. Kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í ṣe ìyá bàbá rẹ̀. Bí Kẹ́hìndé bá kú lọ́wọ́ yín, èmi ni mo pa á. Màá dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ẹ gbé e, Ìyá. Ẹ má wo ẹ̀yìn.”

Ó wo àpótí, ó wo ọmọ tó wà lórí ibùsùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Kẹ́hìndé pọ̀n, ó so ọ̀já mọ́ àyà, ó so ó le. Ó jáde láìbò orí. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é lẹ́yìn náà. Mò ń fún ọmú sínú ìgò méjì tí Sístà ti sè. Ìkan wà fún àpótí. Síkírù ń gbé èkejì lórí kẹ̀kẹ́ lọ sílé kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó sì tún ń wá gbé òmíràn bó bá ṣíwọ́. Ìyá Ìjẹ̀bú ń fi ṣíbí fún Kẹ́hìndé mu. Sístà rán Reuben, tí ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ láti ilé dé ilé, pé kó máa lọ fún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Reuben padà wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Síkírù tẹ̀lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní Ìyá kọ̀. Ìyá ní a ti pín wọn lórúlé, a ò ní tún pín wọn lóògùn. Bí wọn ò bá fún Táíwò lábẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní gún Kẹ́hìndé.

Mo bú gbogbo ilé Ìjẹ̀bú, láti Òde dé Igbó, n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tí mo ń bú wọn lọ́wọ́, Sístà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Reuben, ó mú òmíràn nínú àwo, ó yọ irin ẹnu rẹ̀ kúrò, ó fa ọmú mi sínú rẹ̀, ó lọ sídìí àpótí.

“Bàbá ìbejì,” ó pè, “ẹ wá wò ó, kí ẹ lè sọ fún ìyá yín pé ẹ fojú rí i.”

Síkírù kò lè ṣe é láìwọlé. Ó bọ́ bàtà àti ẹ̀wù tó ti ilé wọ̀ wá. Ó wá, ó dúró jìnnà díẹ̀ níbi tí Sístà nawọ́ sí, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú àpótí fún ìgbà àkọ́kọ́. Sístà tẹ ọ̀pá náà, ẹ̀kán kan bọ́ sí Táíwò lẹ́nu, ó gbé e mì.

“Wọ́n ti fún un,” Síkírù sọ. Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ojú òun ni wọ́n ṣe fi abẹ́rẹ́ fún Táíwò lóògùn. N kò tíì mọ̀ títí di òní bóyá Ìyá gbà á gbọ́, àbí ó kàn ń wá ohun tí yóò dì mú. Ó jẹ́ kí wọ́n gún Kẹ́hìndé.

Ní ọjọ́ kẹta, Síkírù ní ikọ́ náà ń jẹ́ kí ọmọ náà bì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní ó ń bì í gan-an. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò wá. Ọmú àárọ̀ wà nínú ìgò, oòrùn dé orí, ọmú náà bàjẹ́, mo dà á nù. Mo fún òmíràn. Ọ̀sán lọ. Táíwò gbàgbé láti mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, èmi ni mo ta á ní ẹsẹ̀, nítorí Sístà wà lọ́dọ̀ aboyún kan ní yàrá kejì. Mo ta á, mo ta á, mo sì gbọ́ tí ọkàn mi ń sọ pé èkejì ti lọ nílé, ó ń pe eléyìí. Nígbà tó mí, mo gbé ìborùn mi, mo kọjú sí ilẹ̀kùn.

Sístà bá mi níbẹ̀.

“Bí o bá lọ, o ò ní padà wọbí,” ó ní. “Kì í ṣe pé mo ń lé ọ. Bó ṣe rí ni mo ń sọ fún ọ.”

“Ọmọ mi ti kú nílé.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo kọ ẹ̀yìn sí òde, mo sì fún ọmú sínú ìgò tí kò sẹ́ni tí yóò gbé e. Omi ojú mi kò jẹ́ kí n rí ẹnu ìgò.

Ìrọ̀lẹ́ ni Síkírù dé, pẹ̀lú aṣọ àná. Kò lọ síbi iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni òun àti Ìyá ti ń gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n gbé e dúró ṣánṣán, nítorí bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, kì í rí èémí mí. Ó ní ó wà láyé. Ó ní kò mọ̀ bóyá yóò wà di ọ̀la. Ó gba ìgò, ó sì lọ.

Ó wà di ọ̀la. Ó wà di ọ̀túnla. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Síkírù ní ó ti ń sùn ní ìdùbúlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo ń pààrọ̀ omi ìgò lọ́sàn-án nígbà tí òjìji bọ́ sórí àpótí. Mo gbójú sókè. Ìyá Ìjẹ̀bú dúró níta lójú fèrèsé, gèlè tuntun lórí rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn, ó mọ̀ pé Sístà ò ní ṣí i. Mo rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó kún, ó ń tàpá. Ọyàn mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn wọ́n.

“Ṣé ó ti tán, Ìyá?”

“Ó ku díẹ̀. Ó ń wúkọ́ tó bá jí.” Ó súnmọ́ gíláàsì. “Gbé ìyẹn sókè kí n rí i.”

Mo wé Táíwò, mo gbé e sókè. Kò tíì pé pọ́ùn mẹ́rin. Sístà ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ìyá wò ó. Ó wo orí rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wá àpá lára aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Mo dúró pé yóò tú ọ̀já, kó yí Kẹ́hìndé síwájú, kí wọ́n lè rí ara wọn. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó gbé ọwọ́ lé ìdí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún ọ̀já so.

“Tọ́jú tìẹ,” ó ní. “Mò ń gbé tèmi lọ sílé, atẹ́gùn yìí ò dáa fún un.”

N kò pè é padà. Mo tẹ́ Táíwò sáàárín àwọn ìgò, mo sì jókòó.